Bí ojúgun mi ṣe yé dùn mí nídìí eré sísá

Bí mo bá ti sáré láti Kétu gba ọ̀nà Pobè, ojúgun méjèèjì á máa ta mí. Bàtà kọ́ ló fà á, tuntun ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló ní kí n sáré kọjá níwájú òun, ó sì fi fóònù yà mí láti ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí a dá fídíò náà dúró, ó hàn kedere: gìgísẹ̀ ló ń kọ́kọ́ balẹ̀, ó jìnnà síwájú ara, orókún sì nà tantan. Irú ìṣísẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fa ara sẹ́yìn ni, ojúgun àti orókún ló sì ń jìyà rẹ̀.

Mo gé ìṣísẹ̀ kúrú, mo mú un yá. Mo ka iye rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan: 158. Mo wá ṣí áàpù tó ń lu kọ́, kọ́, kọ́ ní 166, mo ń tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ lábẹ́ ìbàdí, láìpariwo, ìrora náà sì lọ. Inú mi dùn gan-an! Àwọn kan á ní àfi 180. Àwọn ọ̀jẹ̀ tó ń díje ní Òlíḿpíìkì Los Angeles ní 1984 ni Jack Daniels, olùkọ́ eré sísá ará Amẹ́ríkà, kà á lára wọn. Kò di dandan fún ẹni tó ń rọra sáré láàárọ̀.

Ẹ tú ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀, ẹ rọ èjìká.

Bí ẹ bá yí ìṣísẹ̀ padà báyìí, ẹran ẹ̀yìn ojúgun á kọ́kọ́ máa ro yín, ẹ dín jíjìnnà kù. Ṣùgbọ́n bí ojú kan lórí egungun bá ń dùn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ má sáré lé e, ẹ lọ rí dókítà.