Wáyà Tí A Kò Họ: Bí Mo Ṣe Ń Yí Òrùka Toroid, Tí Mo Sì Ń Gbé E Sórí Bọ́ọ̀dù

Rédíò 7 MHz tó ń gbọ́, tó sì ń ránṣẹ́, ni mo kọ́kọ́ tò fúnra mi, nínú yàrá mi n'Íbàdàn. Nígbà tí mo tan án, ohùn tó ń gbé wá jìnnà bíi ti ẹni tó wà nínú kànga. Nígbà tí mo ní kí n ránṣẹ́, pààwà kankan kò jáde. Mo yọ transistor, mo fi tuntun sí i. Mo yẹ gbogbo kàpásítọ̀ wò lẹ́yọ lẹ́yọ. Ọjọ́ kẹta ni mo tó fi mítà kan ẹsẹ̀ kọ́ìlì (wáyà tí a yí mọ́ òrùka toroid) àárín nínú mẹ́ta tó wà níbi fílítà éríà, ìyẹn fílítà tó wà ṣáájú áńtẹ́nà. Mítà kò ké, ìyẹn ni pé iná kò kọjá. Òjé tí mo fi jó o ń dán, ẹni bá wò ó á ní iṣẹ́ ọ̀gá ni, àmọ́ ńṣe ló yí wáyà ká bí omi odò ṣe ń yí òkúta ká, kò wọ̀ ọ́ lára. Fáànìṣì, ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí iná kọjá, ṣì wà lára wáyà náà.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá gbé kit (rédíò tí a ń ra ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ láti tò fúnra ẹni) tí kò ṣiṣẹ́ wá bá mi, ẹsẹ̀ kọ́ìlì ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ máa ń wà jù.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọ̀ òrùka yín. Orúkọ irú òrùka ni àwọn wọ̀nyí: T37-2 pupa ni, T37-6 yẹ́lò. FT37-43 ní tirẹ̀ kò ní ọ̀dà, ó dúdú bí eérú. 37 yẹn ni ìbú rẹ̀: 0.37 íǹṣì, nǹkan bíi mìlímítà 9.5. Nínú kit tèmi, yẹ́lò mẹ́ta ni fílítà náà gbà, ẹyọ 21, 24 àti 21 (ẹyọ ni iye ìgbà tí wáyà gba inú òrùka kọjá). Ẹyọ 24 lórí yẹ́lò máa fún yín ní 1.7 µH (microhenry, ìwọ̀n agbára kọ́ìlì), lórí pupa, á di 2.3 µH, lórí dúdú, á ju ìlọ́po 100 ti yẹ́lò lọ. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ẹ má sì jẹ́ kí dúdú já bọ́ lọ́wọ́ yín sórí sìmẹ́ǹtì, ó máa ń fọ́ bí àwo.

Fún ẹyọ 24, mo máa ń gé sẹ̀ǹtímítà 40 wáyà. Inú ihò la ti ń kà, kì í ṣe ìta. Bí wáyà bá ti gba inú ihò kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, oókan ti pé nìyẹn, kódà kó má tíì yí ara òrùka ká. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ẹyọ kan lé e láìmọ̀. Mo máa ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, màá fẹ̀ ẹ́ lójú, màá wá fi orí abẹ́rẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá mi máa ń fi òwú kó irun fún àwọn obìnrin àdúgbò wa, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń rántí bí mo bá ń yí wáyà. Òwú náà kò gbọdọ̀ dẹ̀, kò gbọdọ̀ gun ara wọn, kò sì gbọdọ̀ le débi tí awọ orí á fi máa fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà yìí. Tí ẹ bá fà á jù, etí òrùka á họ fáànìṣì kúrò níbi tí ẹ ò fẹ́, pàápàá lórí dúdú tí kò ní ọ̀dà. Ẹ tẹ́ àwọn ẹyọ náà káàkiri òrùka, kí ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Bí ẹ bá sún wọn mọ́ra, µH á lọ sókè. Bí ẹ bá tú wọn ká, á wálẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tíì fi gúlù kankan sí i.

Kí ẹ tó yí ẹyọ àkọ́kọ́ rárá, ẹ gbé òrùka náà dúró lórí bọ́ọ̀dù bíi táyà, kí ẹ wo ihò méjèèjì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan á jáde níwájú, èkejì á jáde lẹ́yìn. Ọwọ́ ibi tí ẹ bá yí i sí ló máa sọ bóyá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á bọ́ sínú ihò tirẹ̀ tààrà, tàbí wọ́n á gbé ara wọn ní àgbélébùú, tí òrùka á wá dá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má rò pé ẹ lè yí òrùka kọjú sẹ́yìn kó lè tọ́ o. Kò ní tọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dán an wò kí n tó gbà pé àfi kí n tú u palẹ̀.

Ó wá kan họhọ. Wáyà inú kit sábà máa ń jẹ́ irú èyí tí fáànìṣì rẹ̀ ń jóná. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó òjé sí nǹkan bí 400 °C, ẹ fi òjé tuntun sí ẹnu rẹ̀ kó dúró bí ìkán omi, kí ẹ ki ẹsẹ̀ wáyà sínú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Ẹ máa rí èéfín. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má fà á símú. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rìwáyà mọ́tò iná mànàmáná (bíi ti fáànù) lẹ ti ra wáyà, bí àwa ṣe sábà máa ń ṣe níbí, fáànìṣì tiwọn kò ní jóná fún áyọ́ọ̀nù, torí wọ́n ṣe é kó lè gba ooru mọ́tò ni. Ẹ tẹ́ ẹsẹ̀ náà sórí pákó, kí ẹ fi bíléèdì họ ọ́, kí ẹ máa yí i bí ẹ ṣe ń họ, yíká-yíká, kì í ṣe ojú kan. Tí pupa rẹ̀ bá ti di pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń dán, ẹ fi òjé kùn ún. Ibi tí òjé bá ti ń sá lára rẹ̀, ẹ tún họ níbẹ̀.

Ẹ họ ọ́ dé ìdí òrùka, kí òjé tí ẹ fi kùn ún lè hàn díẹ̀ lókè bọ́ọ̀dù. Ẹ ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ ihò, ẹ fà wọ́n pẹ̀lẹ́ títí òrùka á fi jókòó, kí ẹ wá jó o mọ́ bọ́ọ̀dù.

Fún ráńsífọ́mà orí dúdú tó ní wáyà méjì tí a lọ́ pọ̀, ẹ lo wáyà aláwọ̀ méjì, kí ẹ sì fi mítà mọ ẹsẹ̀ tó jẹ́ ti wáyà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ gbé mítà sórí òjé bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, kì í ṣe sórí wáyà, nítorí wáyà lè dára kí ojú ìjó má dára. Kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju ohm kan lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n láti ẹnu fílítà títí dé sókẹ́ẹ̀tì éríà. Tí ó bá ké, ẹ so ẹrù 50 ohm (rẹ́sítọ̀ tó dúró fún éríà) mọ́ ọn, ẹ fi mítà pààwà wò ó, kí ẹ máa sún àwọn ẹyọ mọ́ra tàbí kí ẹ tú wọn ká títí á fi dára. Ìgbà yẹn ni mo máa ń kán ọ̀dà èékánná sí ìdí òrùka kọ̀ọ̀kan, màá sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó gbẹ.