Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó wọ omi gbígbóná

Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Osaka, ní ilẹ̀ Japan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ kí wọn, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì mú mi dé Nachikatsuura, ìlú apẹja kékeré kan létí òkun ní Wakayama, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti padà sí ìsọ̀ ẹja mi ní Òkè-Àjẹ, Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ìyá tí ọmọ tiwọn náà wà lọ́hùn-ún kò yé bi mí bí wọ́n ṣe ń wẹ omi gbígbóná yẹn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún wọn nìyí.

Ní Shin-Osaka ni ẹ ó ti wọ reluwé tí wọ́n ń pè ní Kuroshio. Ó tó wákàtí 4 kó tó já yín sí Kii-Katsuura, ibùdókọ̀ reluwé Nachikatsuura. Apá ọ̀tún ni kí ẹ jókòó sí, kí ẹ lè máa rí òkun.

Kí ọmọ yín kọ àmì yìí sí bébà fún yín: 女. Òun ni obìnrin. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ tí ẹ bá ti rí i lára aṣọ tí wọ́n so kọ́ síbẹ̀ ni kí ẹ gbà wọlé. Nínú ibẹ̀, ẹ ó bọ́ gbogbo aṣọ, títí kan àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ní Ìkógòsì, aṣọ máa ń wà lára wa nínú omi. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wò mí. Àwọn ìyá àgbà ló pọ̀ jù níbẹ̀, kálukú ń bá ìwẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ bọ́ yẹtí, ẹ̀gbà ọwọ́ àti iyùn sílẹ̀ pẹ̀lú, torí imí-ọjọ́ tó wà nínú omi náà a máa sọ fàdákà di dúdú. Ẹni tó bá ní fínfín lápá bíi ti àwọn ìyá wa àtijọ́, kó béèrè kó tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ilé ìwẹ̀ kì í gba ẹni tó fín ara, nítorí àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn ibẹ̀ ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan á ní kí ẹ fi pílásítà bò ó.

Ìwẹ̀ gan-an wá kù. Omi yẹn kì í ṣe omi tí a fi ń fọ ìdọ̀tí, ara tó ti mọ́ la fi ń wọ̀ ọ́. Ẹ jókòó sórí àpótí kékeré, ẹ má wẹ̀ lóòró, kí omi yín má baà ta sí ẹlòmíràn lára. Ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ dáadáa, ẹ ṣàn án kúrò pátápátá. Ẹ di irun sókè, ẹ ká tówẹ́ẹ̀lì kékeré lé orí bí òṣùká. Kò gbọ́dọ̀ kan omi. Ẹ bu omi náà sí ẹsẹ̀, sí orúnkún, sí èjìká, kí ara kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ rọra wọlé.

Ìṣẹ́jú 5 tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èmi kò gbọ́. Mo ti inú reluwé bọ́ sómi láìmu nǹkan kan, mo sì pẹ́ níbẹ̀ nítorí ó bá eegun mi lára mu. Bí mo ṣe dìde, òòyì gbé mi. Ìyá arúgbó kan, tí kò ga ju èjìká mi lọ, di ọwọ́ mi mú, ó gbé mi jókòó, ó ń bu omi tútù sí mi lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ojú mi fi wálẹ̀. N kò gbédè rẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i. Nítorí náà, ẹ mu omi ṣáájú. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń ṣe, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Bí owó bá wà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi tó dà bí ìjàpá láti èbúté lọ sí Hotel Urashima. Inú ihò àpáta ni omi wọn wà, ẹ ó jókòó sínú rẹ̀, òkun ńlá á máa lu òkúta níwájú yín. Bōkidō ni wọ́n ń pè é, ihò tí í múni gbàgbé àtilọ sílé. Yukata, aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n bá fún yín láti wọ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, etí rẹ̀ ti apá òsì ni kó bo ti apá ọ̀tún. Òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún ní òdìkejì.

Ẹ má sùn ju ọjà ẹja lọ o! Aago 7 àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀; ẹ béèrè ọjọ́ tí wọn kì í ná an. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àlejò ti ń wò ó. Ẹja tùnà ló tẹ́ sílẹ̀ rẹrẹẹrẹ, èyí tí wọ́n fi okùn gígùn tó ní ìwọ̀ púpọ̀ mú, kì í ṣe ẹja fíríìsà. Wọ́n ti gé e nídìí ìrù, àwọn oníbàárà ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń yẹ ẹran ibẹ̀ wò. Èmi tí mo ń ṣí etí ẹja Ẹ̀pẹ́ wò lójoojúmọ́ bóyá inú rẹ̀ ṣì pupa, ọkàn mi dùn gan-an. Iṣẹ́ kan náà ni a jọ ń ṣe.

Ẹ jẹ ẹ́ ní tútù níbẹ̀ láìsè, bí wọ́n ṣe gé e. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ jókòó síbi omi gbígbóná tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ nìkan létí èbúté. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ká ìró sókè, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹ máa wo àwọn ọkọ̀ apẹja.