Láti Dùgbẹ̀ dé Èkó: bí mo ṣe wọ Micra lọ bá rélùwéè

Ilé rélùwéè àtijọ́ tó wà ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dé láti 1901, máa ń ṣi àlejò lọ́nà. Ibẹ̀ kọ́ ni ọkọ̀ Èkó tòde òní ti ń gbéra. Móníyà ni, ní ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹ pe Móníyà fún dẹ́rẹ́bà, ẹ má pe rélùwéè lásán.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sórí fóònù kí n tó jáde nílé. Mi ò gba dúróòpù (kí n dá gbogbo ọkọ̀ háyà). Micra, takisí kékeré ìgboro, tó ń kérò lọ sí Òjóò ni mo wọ̀. Èrò tó ti jókòó ni mo bi ní iye owó, kì í ṣe dẹ́rẹ́bà. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀ kò dúró sójú kan mọ́, èrò kì í sì í bu owó lé e.

Èrò mẹ́ta lẹ́yìn, méjì níwájú. Ẹni tó bá há sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, itan rẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà á máa gbá ní gbogbo ìgbà tó bá ti yí i. Ẹ̀yìn dẹ́rẹ́bà gan-an ni mo jókòó sí. Ọ̀tún làwọn èrò ń gbà sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń lọ dópin ọ̀nà kò ní máa bọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Tí ìlẹ̀kùn kò bá ṣí látinú (ó wọ́pọ̀!), ẹ na ọwọ́ gba ojú wíńdò ṣí i láti ìta.

Ẹ mú ṣéńjì dání. Bí kò bá sí, dẹ́rẹ́bà á so ẹ̀yin àti ẹlòmíì pọ̀ mọ́ owó kan, bẹ́ẹ̀ Sángo lẹnìkejì yín ń bọ́ọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà wa nìyí: Mọ́kọ́lá, Sángo, UI (Yunifásítì Ìbàdàn), Agbowó, Òjóò. Sángo ló máa ń jẹ àkókò jù, ẹ ro ó mọ́ ìrìn yín, torí rélùwéè kì í dúró de ẹnìkan. Ní Òjóò mo wọ ọkọ̀ Móníyà, ọ̀kadà ló sì gbé mi dé ẹnu géètì.

Kìlómítà 157 ni ojú irin náà, bíi wákàtí mẹ́ta. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́wé àti Ìbàfò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò kàn wá rárá. Ìyẹn nìkan tó mi. Alágómejì, l'Ékòó, ni rélùwéè náà parí sí. Ẹni tó bá ń lọ sí apá Ìkejà, kó sọ̀ ní Agége.