Bí oorun ṣe padà sójú mi
Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń jí láago 3 òru nílé wa ní Kétu. Àyà mi á máa já, màá máa ro gbèsè 60.000 sefa tí mo jẹ lọ́jà. Mo mu àgbo, mo tẹ fóònù títí ilẹ̀ fi mọ́. Fóònù yẹn gan-an ló ba á jẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ló ní bí oorun ò bá wá láàárín 20 ìṣẹ́jú, kí n kúrò lórí ibùsùn. Mo wá ń jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú òkùnkùn, títí oorun á fi kùn mí. Aago 6 ni mò ń dìde, bí mo sùn bí mi ò sùn. Mo pa kọfí ọ̀sán tì. Mo sọ ọ̀rọ̀ gbèsè náà fún ẹ̀gbọ́n mi (ó kọ́kọ́ bú mi ná). Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo sùn mọ́jú. Tìrẹ lè yàtọ̀ o.