Yàrá Móoru, Omi Dì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Gbígbé Inú RV Nígbà Òtútù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ gbé mi dé Williston ní North Dakota, ní Amẹ́ríkà, inú RV, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe bí ilé, ni mo sì ń gbé. Mo ra hítà oníná kí n má baà máa náwó jù lórí gáàsì, yàrá sì móoru dáadáa. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí òtútù dé ìwọ̀n 25 Celsius nísàlẹ̀ òdo, omi dì, ẹ̀rọ omi kò sì ṣe é tú láàárọ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, hítà yẹn gan-an ló fà á. Nínú ọ̀pọ̀ RV tí wọ́n ṣe fún ìgbà òtútù, ẹ̀rọ amúlémóoru onígáàsì kì í fẹ́ ooru sí yàrá nìkan, ó ń fẹ́ díẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, níbi tí táǹkì àti páìpù wà. Bí hítà oníná bá ti mú yàrá gbóná, ẹ̀rọ ara ògiri tí ń wọn ooru kò ní tan ti onígáàsì mọ́, abẹ́ ilẹ̀ yóò sì máa dì nígbà tí ìwọ ń sùn fọnfọn lókè. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, dín hítà oníná kù kí ti onígáàsì lè máa ṣiṣẹ́, kí o sì ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì sílẹ̀.

Yọ rọ́bà omi tó wà níta. Rọ omi kún táǹkì inú, kí o máa fi pọ́ǹpù fà á. Má ṣí ẹnu táǹkì omi ìdọ̀tí sílẹ̀, nítorí omi tí ń kán díẹ̀díẹ̀ yóò máa dì lé ara wọn nínú rọ́bà títí yóò fi dí pa. Jẹ́ kí ó kún kí o tó tú u lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí owó rẹ kò bá ká ju ohun kan lọ, fóòmù líle ni kí o rà, kí o fi yí abẹ́ ọkọ̀ ká, kí afẹ́fẹ́ má lè gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tó ti dì, ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun ni kí o fi yọ́ ọ. Má fi iná kàn án.

Ìbéèrè: Omi ń ṣàn lára fèrèsé, abẹ́ mátíréèsì mi sì ti bu.

Ìdáhùn: Èémí wa àti oúnjẹ tí a ń sè ló ń di omi yẹn. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, mo jí láàárọ̀ mo rí i pé ìbora mi ti dì mọ́ ògiri. Ṣí ihò òrùlé ní ìwọ̀n ìka méjì tọ̀sán-tòru, bó tilẹ̀ dà bí ẹni ń da ooru nù, kí o sì fi pákó gbé mátíréèsì sókè kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má fi sítóòfù gáàsì yá iná: kílò kan gáàsì propane tó bá jó ń mú omi tó ju kílò kan ààbọ̀ jáde, ó sì lè tú carbon monoxide sílẹ̀, gáàsì tí kò lóòórùn, èyí kan náà tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ìdílé nílé wa. Rí i pé ẹ̀rọ tí ń ké nítorí rẹ̀ ní bátìrì.

Ìbéèrè: Báwo ni sílíńdà gáàsì oní-30 páùn ṣe ń pẹ́ tó?

Ìdáhùn: Bí ẹ̀rọ tó ń jó 30,000 BTU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ooru) ní wákàtí kan kò bá sinmi, nǹkan bí wákàtí 21 ni. Máa ní èkejì tó kún nílẹ̀, kí o sì wò ó kí o tó sùn.