Kòkó Kọ́: Ẹ Yẹ Ọkà Yín Wò Kí Ẹ Tó Lọ̀ Ọ́

Àwọn tí ń dáko ní agbègbè Kwali àti Gwagwalada, àti àwọn ìyá tí ń ra jéró àti ọkà bàbà ní mùdù fún ẹ̀kọ òwúrọ̀, ni a kọ ìwé yìí fún. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí a ń rí léraléra ló fà á. Bí ẹnì kan bá mu ẹ̀kọ tán, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ó ń ṣa ohun tí ojú ẹlòmíràn kò rí lára aṣọ rẹ̀, kòkó lílọ̀ tí wọ́n bù sí ẹ̀kọ náà ni ará ilé máa ń dà nù, wọn a sì di ẹnu àpò ọkà padà, bẹ́ẹ̀ inú àpò náà ni hóró gẹgẹ́mu, èpò olóró inú oko, fara pamọ́ sí. Orúkọ tún ń da ọ̀rọ̀ náà rú, nítorí “koko” lẹ́nu àwọn Hausa, ẹ̀kọ jéró ni, kì í ṣe kòkó Oǹdó.

Ní 1996, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní San Diego ní Amẹ́ríkà rí kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ anandamide nínú ṣokoléètì tí wọ́n fi kòkó ṣe. Ọpọlọ ènìyàn fúnra rẹ̀ ń ṣe é, ibi tí igbó mímu ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ni òun náà ti ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyí tí àwọn tó gbọ́ ìròyìn náà ní ìdajì fi ń pariwo mọ́ kòkó. Ìwọ̀n tó wà nínú kòkó kéré jọjọ, ìfun àti ẹ̀dọ̀ sì ń fọ́ ọ. Theobromine, kẹ́míkà mìíràn inú kòkó, lè pa ajá, ó sì lè mú àyà ènìyàn sáré bí ó bá pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kì í fi iwin han ẹnikẹ́ni.

Gẹgẹ́mu, tí àwọn Hausa ń pè ní zakami, ni kí ẹ wá nínú ọkà. Oró méjì, atropine àti scopolamine, ló wà nínú hóró rẹ̀: ẹnu a gbẹ, ẹyinjú a fẹ̀, ara a gbóná láìlàágùn, iyè a sì ra. Síse kì í sọ ọ́ di aláìlágbára. Irú rẹ̀ ló wọ inú oúnjẹ ìrànwọ́ ní Karamoja, ní Uganda, ní 2019, tí ènìyàn 5 fi kú, tí nǹkan bí 300 sì dé ilé ìwòsàn.

Ẹ fa gẹgẹ́mu tu kí ó tó tanná, títí dé ìgbésẹ̀ 5 sí ẹ̀yìn ààlà oko. Orí tapólì ni kí ẹ ti pa ọkà, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni a ó sọ èyí? Nínú ilé, ẹ da mùdù 1 lẹ́ẹ̀kan sórí àwo funfun, kí ẹ ṣà á lẹ́ẹ̀mejì. Hóró gẹgẹ́mu pẹlẹbẹ, ó rí bí etí, ó lè dúdú tàbí kí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí ẹ bá rí ẹyọ 1, ẹ kò gbọdọ̀ lọ nǹkan kan nínú àpò náà títí ẹ ó fi ṣà á tán. Èyí tí ẹ bá ti lọ̀, ẹ dà á nù.

Bí ẹnì kan bá ti jẹ ẹ́, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì kọ́kọ́ gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ mú ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ọkà náà dání, kì í ṣe agolo kòkó.