Bí a ṣe ń fi tranexamic acid dá ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ dúró

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tuntun, kí ẹ tó fọwọ́ kan oògùn yìí, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, "Aago mélòó ló forí gbá?" Bí wọ́n bá ní "Kò tíì pẹ́," èmi kì í gbà. Mo máa ń wá ẹni tó ṣojú rẹ̀, kí n lè kọ àkókò náà sórí fáìlì. Láàárín wákàtí 3 tí èèyàn forí pa ló wúlò. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, a kì í bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ máa ń dì láti dí ojú ibi tó ń jò, àmọ́ nǹkan kan wà nínú ara, plasmin, tó tún ń yọ́ èyí tó dì. Oògùn yìí kì í jẹ́ kó ráyè yọ́ ọ. Kò lè kó ẹ̀jẹ̀ tó ti dà kúrò o.

Nínú ìwádìí CRASH-3 ti 2019, àwọn tí ọgbẹ́ orí wọn ò tíì le jù ló jàǹfààní. Àwọn tí ọmọlójú wọn méjèèjì ò dáhùn sí tọ́ọ̀ṣì mọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ rọpárọsẹ̀ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún dókítà: ìwádìí TICH-2 ti 2018 ò fi hàn pé ara àwọn tó gba oògùn yìí dá ju ti àwọn tí kò gbà á lọ lẹ́yìn 90 ọjọ́.

Tí dókítà bá ti kọ ọ́, ẹ fa gíráàmù 1 sínú omi iyọ̀ 100 ml, kó wọlé láàárín ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ bá gún un wàràwàrà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, gíráàmù 1 mìíràn, kó wọlé láàárín wákàtí 8. Nínú 500 ml, pẹ̀lú dírípù tí ẹ̀kán 20 ń jẹ́ ml 1, ẹ̀kán 21 ní ìṣẹ́jú kan ni. Mo máa ń dúró tì í, aago lọ́wọ́, kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má gba ẹ̀jẹ̀ tàbí penicillin kọjá nínú ọ̀pá kan náà. Ẹ béèrè nípa kídìnrín, kẹ́ ẹ sì máa ṣọ́ gìrì.

Nígbà kan, mo bá ìgò rẹ̀ nínú àpótí abẹ́rẹ́ ìpakúrora tí wọ́n ń gún sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìgò méjèèjì jọra bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ bí ó bá wọ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó lè pànìyàn. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn, àpótí tirẹ̀ dá wà, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà.